Orí Keje: Ìdájí Ni àbí Òwúrọ̀?

Ní ìparí ọdún 1998, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Gynecologic Oncology Group, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn obìnrin kan fún ìwádìí. Obìnrin tí wọ́n ń wá ni èyí tí wọ́n ti mú díẹ̀ nínú awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ lọ sí lábù, tí dókítà tó wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù sì ti kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé atypical hyperplasia ni. Ohun tó ń jẹ́ orúkọ yìí ò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ilé wọn ò jìnnà síra. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2003, obìnrin 306 ti gbà láti kópa. Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n yọ ilé ọmọ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 12, láìlo oògùn kankan fún un lágbedeméjì, kí àwọn olùwádìí lè fojú ara wọn rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

A ó dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà níwájú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ ẹran ara àkọ́kọ́ lé. Wọ́n kó wọn fún patọ́lọ́jíìsì mẹ́ta. Patọ́lọ́jíìsì ni dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ẹran ara, bí a ṣe ń ka ìwé. Àwọn mẹ́ta yìí sì jẹ́ àgbà nínú kíka àìsàn obìnrin. Kálukú dá tirẹ̀ kà láìmọ ohun tí ẹnì kejì rí. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn tí gíláàsì wọn bàjẹ́ tàbí tí nǹkan mìíràn da ìṣirò wọn rú, obìnrin 289 ló ṣẹ́ kù.

Nínú 289 yìí, 115 péré ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta náà fara mọ́ orúkọ tí ilé ìwòsàn kọ. Wọ́n ní ti àwọn 74 kò le tó bẹ́ẹ̀, kódà wọ́n ní ti àwọn kan nínú wọn jẹ́ awọ ilé ọmọ tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ lóṣooṣù bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ti àwọn 84 ti kọjá bẹ́ẹ̀, pé jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Lórí 16 tó kù, wọn ò rí ibi tí wọ́n lè panu pọ̀ sí.

Ẹ tún un rò. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ìwé èsì wọn gbé orúkọ kan náà, mẹ́rin péré ni àwọn àgbà gbà pé orúkọ wọn nìyẹn. Àwọn àgbà náà pàápàá kò bára wọn dọ́gba: nínú gíláàsì 100 tí wọ́n bá kà, nǹkan bí 40 péré ni gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé èsì yẹn ni wọ́n máa gbé ka iwájú obìnrin láti sọ fún un pé ó tó àkókò láti yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé àwọn dókítà ò mọṣẹ́. Mo kọ orí yìí nítorí mo gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé obìnrin tó bá lóye rẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Láti inú ìgò dé abẹ́ awò

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti ọjọ́ pípẹ́ tó sì ṣàdédé tún rí ẹ̀jẹ̀, dókítà sábà máa ń fẹ́ mú díẹ̀ nínú awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun èlò tó gbajúmọ̀ jù fún un ni ọ̀pá rọ́bà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Pipelle, tí fífẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Wọ́n á tì í gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n á fa ọ̀pá inú rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń fi abẹ́rẹ́ fa oògùn nínú ìgò, awọ inú yóò sì bá a wá. Ohun tó ń jáde kò pọ̀: fọ́nrán kéékèèké tó ti já sí wẹ́wẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ lú pọ̀ mọ́. Láti inú wẹ́wẹ́ yìí ni a ti fẹ́ mọ bí gbogbo ilé ṣe rí.

Inú ìgò tí fọ́málínì wà ni wọ́n ń kó o sí kí ó má baà jẹrà. Ní lábù, wọ́n á fa omi ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ìda rọ́pò omi náà, yóò wá di búlọ́ọ̀kù kékeré kan. Búlọ́ọ̀kù yìí ni wọ́n ń fi abẹ gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 250, nínípọn ìkan nínú rẹ̀ ló sún mọ́ ti ègé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tẹ́ sórí gíláàsì.

Ègé náà kò ní àwọ̀ tí ojú lè fi dá nǹkan mọ̀, àfi kí wọ́n rẹ ẹ́ láró. Ìyá aláró Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tó bá dé ibẹ̀ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni wọ́n ń ṣe. Bí òun ṣe ń yọ aró lára ewé ẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ aró lábù tí wọ́n ń pè ní hematoxylin láti inú igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Bí aró tirẹ̀ ṣe ń fẹ́ omi eérú, bẹ́ẹ̀ ni aró yìí ń fẹ́ álọ́ọ̀mù kó tó lè mú. Ó máa ń sọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró. Aró kejì, eosin, á sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá aláró sì mọ̀ pé aṣọ tó pẹ́ nínú ìkòkò máa ń dúdú ju èyí tí kò pẹ́ lọ. Gíláàsì méjì tí wọ́n gé láti ara búlọ́ọ̀kù kan, tí wọ́n rẹ ní lábù méjì, lè fi ojú méjì han ẹni tó ń kà wọ́n. Kóró sẹ́ẹ̀lì tó dúdú jù sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń mú patọ́lọ́jíìsì fura.

Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló lè ba kíkà jẹ́ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a wà ní Nàìjíríà mọ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ tàbí ọkọ aláìsàn máa ń fúnra rẹ̀ gbé ìgò náà sínú ọ̀rá, tí á wọ ọkọ̀ lọ sí lábù aládàáni. Bí fọ́málínì inú ìgò bá kéré, tàbí tí ẹnì kan ti fi omi lásán rọ́pò rẹ̀, oòrùn á ti se ẹran náà kó tó débẹ̀. Patọ́lọ́jíìsì á wá máa ka ìwé tí òjò ti pa.

Ebè tó ń fún mọ́ra

Awọ inú ilé ọmọ dà bí oko iṣu. Ebè wà, àlàfo wà láàárín ebè àti ebè. Lábẹ́ maikirosikóòpù, àwọn gílándì, ìyẹn ihò tóóró tóóró tí sẹ́ẹ̀lì tò yí ká, ló dúró fún ebè. Ẹran ẹlẹ́gẹ́ tó gbé wọn ró ni àlàfo. Họ́mọ̀nù méjì ló ń darí oko yìí. Ẹ́sítírójìn ń sọ pé kó hù. Purojẹ́stírọ̀ọ̀nù, tó máa ń jáde lẹ́yìn tí ẹyin bá ti já, ń sọ pé ó tó, kí ó gbó. Bí ẹyin kò bá já lóṣooṣù, tí ara bá sanra púpọ̀ tí ọ̀rá ara ń ṣe ẹ́sítírójìn tirẹ̀, tàbí tí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá bá ń lo oògùn jẹjẹrẹ ọmú tó ń jẹ́ tamoxifen, ohùn àkọ́kọ́ á máa dún, ìkejì kò ní fèsì tàbí kó má lágbára tó. Awọ náà á máa hù láìdáwọ́ dúró, ebè á pọ̀, àlàfo á dín. Hyperplasia nìyẹn, èyí tí n ó máa pè ní ìhùjù.

Bí sẹ́ẹ̀lì inú ìhùjù náà bá ṣì jọ ti tẹ́lẹ̀, ìhùjù lásán ni. Bí ojú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá ti yí, tí kóró wọn tóbi, tó rí róbótó, tí wọn kò tò lẹ́sẹẹsẹ mọ́, ìhùjù aláyìípadà ni, èyí tí ìwé èsì ń pè ní atypical hyperplasia. Bí àwọn gílándì bá wá ya wọ inú ara wọn tí àlàfo pòórá, jẹjẹrẹ ti dé.

Orúkọ wọ̀nyí wúwo nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ iwájú. Ní 1985, Robert Kurman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 170 tí wọ́n ní ìhùjù tí a kò tọ́jú, tí wọ́n sì tọ ipa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àwọn tí ìhùjù wọn rọrùn jù, tí sẹ́ẹ̀lì wọn kò yí padà, 1 nínú 100 ló di jẹjẹrẹ. Nínú àwọn tí gílándì wọn fún mọ́ra jù, tí ojú sẹ́ẹ̀lì wọn sì ti yí, 29 nínú 100 ni. Láàárín 1 àti 29 yìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu patọ́lọ́jíìsì lè gbé obìnrin lọ gbé e bọ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ fojú inú wo àgbàlá kan. A pe ẹni mẹ́ta jáde nínú yàrá wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A pè wọ́n jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣú biribiri: gbogbo wọn ní òru ni. A pè wọ́n nígbà tí oòrùn ti là: gbogbo wọn ní ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà a pè wọ́n nígbà tí àkùkọ ti kọ, tí ojú ọ̀run ń fẹ́ funfun ní apá ìlà oòrùn, tí èèyàn ń rí òjìji igi àmọ́ tí kò rí ewé rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìdájí ni. Ìkejì ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni. Ìkẹta, tó sábà máa ń jí lọ oko, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni. Ojú wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ṣáká, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá. Ilẹ̀ tó ń mọ́ ni kò pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Àwa la fi orúkọ pín in.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìhùjù ṣe ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì kì í sùn ní ìhùjù lásán kó jí ní aláyìípadà. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Báwo ni kóró sẹ́ẹ̀lì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí a tó ní ó ti tóbi jù? Gílándì mélòó ló gbọ́dọ̀ fún mọ́ra? Kò sí tépù tí a fi ń wọ̀n ọ́n nígbà tí èèyàn bá gbójú lé awò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ni patọ́lọ́jíìsì fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà mìíràn, awọ tó wà nítòsí náà kò sí, nítorí ọ̀pá tóóró yẹn kò fà á wá.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nínú ilé ọmọ ló rí nínú ọmú. Ní 2015, Joann Elmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí patọ́lọ́jíìsì 115 ti ka ẹran ara ọmú, tí wọ́n sì fi èsì wọn wé ti ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Níbi tí jẹjẹrẹ ti ya wọ inú ẹran ara tó yí i ká, 96 nínú 100 èsì ló bá ti ìgbìmọ̀ mu. Níbi tí kò sí àìsàn tó lágbára, 87 ni. Ṣùgbọ́n níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yí ojú padà láìtíì di jẹjẹrẹ, 48 péré ni. Wọ́n fẹnu kò ní òru, wọ́n fẹnu kò ní ọ̀sán. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dà wọ́n rú.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn patọ́lọ́jíìsì kò gbọ́ra wọn yé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé: ibo nínú ilẹ̀ tó ń mọ́ ni wọ́n wà?

Kí la ó yọ fún oríire?

Ọ̀nà kan wà láti wọn ìfẹnukò, ó sì tọ́ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n, nítorí nọ́ńbà tó dùn létí lè tan ni jẹ. Jacob Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1960. Kápà ni wọ́n ń pè é. Ohun tí Cohen rí ni pé oríire lásán lè mú kí ọ̀rọ̀ ẹni méjì jọra. Bí ẹni méjì bá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú ń ju kọ́bọ̀ sókè nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 50 ni kọ́bọ̀ wọn yóò fi ojú kan náà hàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó rí ti ẹnì kejì.

Bí dókítà méjì bá wá ka gíláàsì 100, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí 70, kò yẹ ká yìn wọ́n fún gbogbo 70. Ẹ yọ 50 tí oríire lè fún wọn. Ó ku 20. Ohun tí ìmọ̀ wọn ìbá sì fi kún un, ká ní wọ́n fẹnu kò pátápátá, ni 50. 20 nínú 50 ni kápà wọn, ìyẹn 0.4. Kápà 1 ni ìfẹnukò tí kò lábùkù. Òdo ni ohun tí jíju kọ́bọ̀ lè ṣe.

Láàárín àwọn àgbà mẹ́ta inú ìwádìí tá a fi bẹ̀rẹ̀, kápà jẹjẹrẹ jẹ́ 0.51. Kápà ìhùjù aláyìípadà jẹ́ 0.28. Wọ́n ti kúrò ní ìdí oríire, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n rìn láti ibẹ̀ lọ sí ìfẹnukò pátápátá fi díẹ̀ ju ìdá mẹ́rin lọ. Lórí nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń kọ́ ìpinnu nípa ilé ọmọ lé.

Àmì tí a kà dáadáa tí kò sọ nǹkan kan

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ìtàn awọ ilé ọmọ kọ́ wa. Ní 1950, Robert Noyes, Arthur Hertig àti John Rock kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn tuntun nígbà náà, Fertility and Sterility. Wọ́n ṣàlàyé bí awọ inú ilé ọmọ ṣe ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti já, débi pé patọ́lọ́jíìsì lè wo gíláàsì kó sọ pé ọjọ́ báyìí ni obìnrin yìí wà. Iṣẹ́ ńlá ni, títí dòní ni wọ́n sì ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn tó ń wá ọmọ. Wọ́n á mú awọ ilé ọmọ, wọ́n á kà á, bí ọjọ́ tó wà lára awọ bá fi ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ, wọ́n á sọ fún obìnrin pé ohun tí kò jẹ́ kó lóyún nìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi ń lọ. Ó di 2004 kí ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbọ́ bùkátà wọn tó fi àwọn tó ti bímọ wé àwọn tó ń wá ọmọ. Ní àárín ìgbà tí awọ ń múra sílẹ̀ fún oyún, nǹkan bí 43 nínú 100 àwọn tó ń wá ọmọ ni awọ wọn kò bá ọjọ́ mu. Láàárín àwọn tó ti bímọ, nǹkan bí 49 ni. Àmì tí wọ́n fi ń dá àwọn obìnrin lẹ́bi ọdún gbọọrọ kò ya àgàn sọ́tọ̀ kúrò lára abiyamọ rárá.

Mo mú èyí wọlé nítorí ìfẹnukò nìkan kò tó. Ẹni mẹ́wàá lè kà á bákan náà kí gbogbo wọn sì ṣi ìtumọ̀ rẹ̀ mú. Ìbéèrè méjì ló yẹ ká máa bi gbogbo èsì àyẹ̀wò: ṣé ẹlòmíràn yóò rí ohun tí ẹni yìí rí? Ṣé ohun tó rí sì mọ ọ̀nà dé ọjọ́ ọ̀la obìnrin yìí?

Orúkọ tó dín kù

Àwọn patọ́lọ́jíìsì kò jókòó lásán. Ní 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n pín ìhùjù sí ọ̀nà mẹ́rin: bóyá gílándì rọrùn tàbí ó dijú, àti bóyá sẹ́ẹ̀lì yí padà tàbí kò yí. Orúkọ mẹ́rin túmọ̀ sí ààlà púpọ̀, orí ààlà sì ni ìjà ti ń wáyé. Ní 2014, àjọ náà sọ ọ́ di méjì péré: ìhùjù lásán àti ìhùjù aláyìípadà. Ẹni tí a bi pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́ kò ní jiyàn tó ẹni tí a ní kó mú ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́rin. Méjì yìí náà ló sì bá ohun tí dókítà máa ṣe mu: àwọn kan ni a lè fi oògùn tọ́ tí a ó sì máa ṣọ́, àwọn kan ni a gbọ́dọ̀ ronú iṣẹ́ abẹ lé lórí.

Ṣáájú ìgbà yẹn, George Mutter ní Boston ti dá ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí a yé béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì kàn burú lójú. Kí a wá ibi kan tó fẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, tí gílándì ti gba àyè ju ẹran tó gbé wọn ró lọ, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti awọ tó yí i ká. Ó fi ohun tí a lè wọ̀n dípò díẹ̀ nínú ohun tí a kàn ń fojú dá. Àwọn aró tuntun náà ti dé, tó ń fi hàn bóyá purotéènì kan bíi PTEN tàbí PAX2 ti pòórá nínú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń ṣèrànwọ́ níbi tí ojú bá ti ń ṣiyèméjì, àmọ́ purotéènì náà lè pòórá nínú awọ tí kò lárùn pẹ̀lú, nítorí náà ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Adájọ́ ṣì ni èèyàn. Lórí èyí tó ti di jẹjẹrẹ, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka àbùdá jẹjẹrẹ, The Cancer Genome Atlas, fi hàn pé oríṣi mẹ́rin ló wà nípa ohun tó bàjẹ́ nínú àbùdá wọn. Ó ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn tí patọ́lọ́jíìsì fi ń bára wọn jiyàn lórí irú jẹjẹrẹ tí wọ́n jẹ́.

Ohun tí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ sọ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin 289. Wọ́n yọ ilé ọmọ wọn, wọ́n sì yẹ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Jẹjẹrẹ ti wà nínú ti 123. Ìyẹn ju obìnrin mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá, nínú àwọn tí ìwé èsì wọn ní kò tíì dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà tó tún gíláàsì kà ríran ju ìwé èsì àkọ́kọ́ lọ. Nínú 84 tí wọ́n pè ní jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ wà nínú ilé ọmọ 54. Nínú 115 tí wọ́n pè ní ìhùjù aláyìípadà, ó wà nínú 45. Nínú 74 tí wọ́n ní kò le tó bẹ́ẹ̀, ó wà nínú 14. Àtúnkà wọn ya ewu sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì yẹ ká gbóṣùbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú fo àwọn 14 yẹn. Àwọn àgbà ti wo gíláàsì wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta ti ní ọ̀rọ̀ wọn kò le, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ wà nílé. Ohun tó wà lórí gíláàsì lè jẹ́ ohun tí wọ́n pè é. Ibòmíràn ni jẹjẹrẹ fara pa mọ́ sí, níbi tí ọ̀pá tóóró kò dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí ìwé yìí sọ fún yín pé nígbà tí àwọn dókítà kò ti gbọ́ra wọn yé, kí ẹ máa lọ sílé lọ wá àgbo. Iye tó wà lókè yìí ń sọ òdìkejì. Àìfẹnukò túmọ̀ sí pé kí ojú tó ń wò ó pọ̀ sí i, kí ó sì tètè ṣẹlẹ̀. Bí àtúnkà bá gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kò burú. Bí ó bá sọ yín di ẹni tó ń sá fún ilé ìwòsàn fún ọdún kan, ó ti pa yín lára.

Ohun tí ẹ lè béèrè

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá kì í ṣe ohun tí a ń fi dákẹ́. Ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mú awọ ilé ọmọ yín fún àyẹ̀wò, ẹ rí i pé ọjọ́ orí yín, ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, wọ inú fọ́ọ̀mù tó ń lọ sí lábù. Oògùn tó ní purojẹ́stírọ̀ọ̀nù lè yí ojú awọ náà padà pátápátá, ẹni tó ń kà á kò sì lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́. Bí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín bá ni yóò gbé ìgò lọ, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá fọ́málínì ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fi omi kún un lójú ọ̀nà.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ atypical bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé patọ́lọ́jíìsì mìíràn ti bá wọn wò ó?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àṣà ilé ìwòsàn ìjọba ni pé kí àwọn dókítà oríṣiríṣi jókòó pọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìtọ́jú, patọ́lọ́jíìsì sì máa ń wà nínú wọn. Níbi tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní gíláàsì àti búlọ́ọ̀kù yín láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù ìda yẹn kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ṣì lè gé ègé tuntun lára rẹ̀.

Obìnrin tó ṣì ń wá ọmọ ní ìbéèrè mìíràn láti béèrè. Wọ́n lè fi oògùn tó jọ purojẹ́stírọ̀ọ̀nù, pàápàá èyí tí wọ́n fi sínú kọ́ìlì tí wọ́n ń kì sínú ilé ọmọ, tọ́ ìhùjù aláyìípadà lára àwọn kan, bí ó bá dá wọn lójú pé jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n máa tún awọ náà mú wò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún.

Bí ẹ bá sì pàdé patọ́lọ́jíìsì tó kọ ọ́ sínú èsì pé ohun tí òun rí kò tó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, kí wọ́n tún mú òmíràn wá, ẹ má bínú sí i. Ó rí àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù yín tó wà lórí ìwé èsì. Ọjọ́ tí ojú kejì bá fẹ́ wò ó, inú àpótí ni wọn yóò ti mú un jáde, wọn yóò sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ọmọ tí wọ́n bá ti yọ kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀.